Kí A Tó Sọ Pé Ilẹ̀ Kan Sàn Ju Èkejì Lọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lóko Àgbàdo

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Òmù-Àrán wọn ìkórè wọn, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n má fi ìpíndọ́gba nìkan dá ilẹ̀ kankan láre. Ká ní a gbin àgbàdo sí abala ilẹ̀ mẹ́rin tí a ti kórè ẹ̀wà, a sì gbìn ín sí mẹ́rin mìíràn tó jẹ́ pé àgbàdo náà ló wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ilẹ̀ ẹ̀wà mú kóńgò 9, 14, 20 àti 17 wá, èkejì sì mú 8, 11, 19 àti 14 wá. Ìpíndọ́gba ti àkọ́kọ́ jẹ́ 15, ti èkejì jẹ́ 13. Ẹni tó bá ń kánjú yóò ní ẹ̀wà ti borí, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ti ń lọ láti 9 dé 20, kí ni kóńgò méjì péré fẹ́ fi hàn?

William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí Guinness ní Dublin, ló fún wa ní ọ̀nà àtiyanjú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1908, tó pe ara rẹ̀ ní "Student" nínú ìwé tó kọ. A ó fi bí ìkórè àwọn abala náà ṣe yàtọ̀ síra, pẹ̀lú iye abala tí a wọ̀n, pín ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba méjèèjì. Tiwa yìí jẹ́ nǹkan bí 0.6, bẹ́ẹ̀ fún abala mẹ́rin-mẹ́rin bí tiwa, ó yẹ kó tó 2.45 kí a tó lè fọkàn tán an.

Inú ilẹ̀ ni ìdí tí ìkórè abala kan fi ń yàtọ̀ sí ti èkejì wà. Náítírójìn kó nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àgbàdo kò lè mú un níbẹ̀. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò ẹ̀wà ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún irúgbìn. Ẹ fi èékánná la kókó náà, bí inú rẹ̀ bá pọ́n, iṣẹ́ ń lọ. Òjò ńlá a tún máa wẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀, níbi tí omi bá sì dúró sí, bakitéríà mìíràn a dá a padà sí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti etí àkùrọ̀ kì í sábà so bákan náà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ to abala méjèèjì ní méjì-méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lórí ilẹ̀ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe to àwọn tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ìyàtọ̀ wọn yóò jẹ́ 1, 3, 1 àti 3, ilẹ̀ ẹ̀wà ló sì lékè nígbà gbogbo. Iye tí a ó rí yóò wá di nǹkan bí 3.46, èyí tó ju 3.18 tí a nílò fún méjì-méjì mẹ́rin lọ. Ìkórè náà kò yí padà rárá. Bí a ṣe tò ó ló jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, nítorí kò ná àgbẹ̀ ní kọ́bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá hú ẹ̀wà rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tó sì dáná sun ewé rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀ náítírójìn inú ewé náà ti bá èéfín lọ, nítorí náà kí ẹ má ka ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ẹ ó fi wéra.