Àyẹ̀wò ọdún: ẹ̀rọ tó ṣeé tú, àti èyí tí kò ṣeé tú

Ọyẹ́ ti dé, eruku ti ń bà lé gbogbo nǹkan, ni mo bá tú sítúdíò palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí láti nu àwọn ẹ̀rọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń nù wọ́n ni mo ń ṣírò ọdún. Èwo ló bá mi ṣiṣẹ́? Èwo ló kàn jókòó tó ń gba àyè? Èwo ni ẹnì kan ní Ìbàdàn yìí lè tú palẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì gbé e fún mi padà ní ààyè? Ìbéèrè kẹta yìí ló pín ẹrù mi sọ́nà méjì.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Roland RE-201, ẹ̀rọ tó ń fi téèpù ṣe echo, ìyẹn kí ohùn máa dá ara rẹ̀ sọ padà, tí gbogbo ayé ń pè ní Space Echo. Ọdún 1972 ni Ikutaro Kakehashi dá ilé-iṣẹ́ Roland sílẹ̀ ní Osaka, ọdún 1974 sì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí jáde. Tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni tèmi, oníná 240 ni, nítorí náà kò béèrè transformer. Ẹ ṣí ọmọrí òkè rẹ̀, ẹ ó rí téèpù kan tí kò ní róòlù, tó ká kọ́rọkọ̀rọ bí ìfun ẹran lábẹ́ ike tó mọ́ gaara, tó ń yí po láìdúró. Orí kan (irin kékeré tí téèpù ń gba ojú rẹ̀ kọjá) ń kọ ohùn sí i, orí mẹ́ta ń kà á jáde tẹ̀léra wọn, òmíràn ń pa á rẹ́ kí wọ́n tó kọ tuntun. Bí o bá yí bọ́tìnnì Repeat Rate, mọ́tò á yára tàbí kó falẹ̀, ohùn tó wà lórí téèpù á sì gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ bá a lọ. Bí o bá ṣí bọ́tìnnì Intensity kọjá ààlà, ẹ̀rọ náà á máa gbé ohùn ara rẹ̀ padà sínú ara rẹ̀ títí yóò fi bú ramúramù. Àwọn onífújì tó ń wá sọ́dọ̀ mi fẹ́ràn ìyẹn ju oúnjẹ lọ.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló yẹ ká gbé e dé ṣá. Lóṣù Kẹfà, àwọn onídùndún kan wá gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó sanwó sì ní dandan ni kí n fi echo sí ìyáàlù, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo so ó. Ọ̀gá onílù lu gbólóhùn kan, ó dúró, ó wò mí.

“Àǹtí, ẹ dákun, ìlù mi ti ń kólòlò.”

Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló fi ń pe ènìyàn lórúkọ. Bí echo bá dá ohùn òkè padà síbi tó yẹ kí ohùn ìsàlẹ̀ wà, oríkì ẹni tó sanwó ti di oríkì ará àdúgbò kejì nìyẹn. Mo di bọ́tìnnì Echo Volume mú, mo pa á mọ́ títí gbólóhùn fi parí. Ìgbà tí ọ̀pá kúrò lára awọ ni mo tó ṣí i, kí ìró ìkẹyìn nìkan máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyókù echo tí wọ́n sanwó fún, ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo fi sí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín kúrò níbẹ̀, mo sì gba pé nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù létí.

Wọ́n sábà máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ iná. Ṣé téèpù kì í sáré kó sì falẹ̀ bí jẹnẹrétọ̀ bá ń mí sókè sódò? Ọwọ́ mọ́tò ló wà. Àwọn kan wà tí mọ́tò wọn ń tẹ̀ lé iná gan-an. Gbé èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hertz (iye ìgbà tí iná ń yí po ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ti Amẹ́ríkà wá sórí 50 tiwa, á fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀. Ṣùgbọ́n Revox A77, ẹ̀rọ téèpù onírọ́òlù mi, tí ilé-iṣẹ́ Willi Studer gbé jáde ní Switzerland lọ́dún 1967, ní ohun tó ń ṣọ́ ìyára mọ́tò rẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Iná ì báà jó, ì báà ṣẹ́jú, ìyẹn kò kàn án. Space Echo náà kì í fi Hertz iná rìn. Híhùn tó ń gba inú wáyà wọlé ló ń fa wàhálà, òun ló sì jẹ́ kí n ra bátìrì àti inverter gidi, kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú tó máa ń dún sínú máíkì. Òun ló gba owó jù lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí. N kò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó sì mówó wọlé jù, ẹ má rẹ́rìn-ín, téèpù àwọn bàbá onílé ni. Ìdílé kan kó téèpù bàbá wọn tó ti dolóògbé wá, ewì tó ń ké nígbà ayé rẹ̀. Mo fi èkíní sórí Revox, kò tíì yí dáadáa tó fi ń han gooro, ẹrẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980 ló ń ní irú àìsàn yìí: gọ́ọ̀mù tó di ìyẹ̀fun irin mú mọ́ ike ti fa ọ̀rinrin mu títí ó fi di ọ̀jẹ̀jẹ̀. Yíyan là ń yan án. Ẹni tó ń ta ata gbígbẹ ládùúgbò wa yá mi ní ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ ata rẹ̀ (mo fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó lò ó o), mo ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, mo sì fi í sí 54 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mo ń yí téèpù padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tó tutù tán, ó rìn geere, a sì yára gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, torí àìsàn ọ̀hún yóò padà wá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé e ṣe nílé, kó kọ́kọ́ gbé róòlù náà sókè síwájú iná: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín téèpù kọjá, acetate ni, irú ike àtijọ́ kan. A kì í yan ìyẹn rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbà á, ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tó ní kí n tún ẹsẹ kan fi sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní irọ́ ni ọkọ òun ń pa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí àtúnṣe. Lóṣù Kẹjọ, àḿpù àtijọ́ kan rú èéfín mọ́ oníbàárà lójú, òórùn burúkú gba yàrá kan. Mo gbé e lọ bá Bàbá tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní Mọ́kọ́lá. Kò tíì ṣí i tó ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Èéfín díẹ̀, ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ti sá.” Ó yọ kàpásítọ̀ (èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú) kan jáde, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, pépà ni inú rẹ̀, ike tó bò ó ti sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Ibi tó ti sán ni ọ̀rinrin ti wọlé. Bàbá pààrọ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tíì bú, ó fi òwú nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀dì tuntun náà, ó ní kí n máa lọ. Owó tó gbà kò tó owó epo.

Lóṣù kan náà, ẹ̀rọ reverb (tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà) oní-díjítà kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọdún 1980 kú sí mi lọ́wọ́. Bàbá wo ṣíìpù tó jóná, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e fún mi padà: “Èyí, àwọn tó ṣe é nìkan ló mọ ohun tí wọ́n kọ sí i nínú.” Kò síbi tí a ò wá ṣíìpù náà dé. Ibi tí ẹrù ti pín sí méjì nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ní mọ́tò, bẹ́líìtì àti kàpásítọ̀ á máa bá wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Àwọn àbúrò rẹ̀ oní-ṣíìpù ni ọjọ́ wọn ti pé, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe, kọ̀ǹpútà ń ṣe é dáadáa báyìí. Kódà ọ̀dọ́ tó bá béèrè èyí tí òun yóò rà lọ́wọ́ mi, mo máa ń ní kó ra Boss RE-202, ẹ̀dà Space Echo oní-díjítà tó jáde ní 2022. Kò sí téèpù nínú rẹ̀, kò béèrè òwú àti spírítì láràárọ̀, etí oníbàárà kò sì ní mọ̀.

Tascam 244, tó ń gba ohùn mẹ́rin sórí káàsẹ́ẹ̀tì kan, ń dúró. Lílò rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ tó máa ń ṣí ọgọ́rin tíràkì fún orin kan. Nígbà tí Paul McCartney, olórin ará Ìlú Ọba, wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá lọ́dún 1973, tíràkì mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, ó sì tó o.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Láti oṣù Kìíní, Dámọ́lá ọmọ mi àti ọmọbìnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ yóò máa lọ jókòó tì í ní gbogbo Sátidé, èmi ni n ó máa ra lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n á fi kọ́ṣẹ́. Bàbá ti gbà, ó ní kí wọ́n má ṣáà gbé fóònù wá.

Mò ń ta Yamaha SPX90 mi, ẹ̀rọ reverb oní-díjítà kan. Ó ń ṣiṣẹ́, bátìrì tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kó tó dá owó lé e. N kì í bá ènìyàn nájà lórí fóònù.