Etí tí kì í gbọ́ràn dáadáa lẹ́nu iṣẹ́

Etí mi ò gbọ́ràn dáadáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ mi lọ́fíìsì. Mò ń gbọ́ ohùn yín o, bó ṣe ń lọ sókè sódò yẹn ń wọlé sí mi létí dáadáa, àwọn ìró bíi s, f àti k ló ń sọnù, torí náà tẹ́ ẹ bá pariwo, ariwo yẹn nìkan ló máa pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ò ní yé mi. Ẹ kọjú sí mi, ẹ jẹ́ n rí ẹnu yín. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí mo kì sétí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń gbé ariwo jẹnẹrétọ̀ náà mọ́ ọn. Ní mítìn, Google Meet tí wọ́n fi ń ṣèpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, màá tan káṣọ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ tó ń jáde lójú ẹ̀rọ, màá máa kà á lọ. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní 2019 sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí àìlera du èèyàn níṣẹ́, ẹ̀yin tí etí yín rí bíi tèmi, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín!