Ẹ̀rọ Omi Ẹ̀yìn Ilé

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Tí ẹ bá bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹni, ibi ẹ̀rọ omi ni màá sọ.

Ẹ̀yìn ilé kan tí wọn ò kọ́ parí ni wọ́n gbẹ́ tiwa sí. Olóṣèlú kan ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó nilẹ̀ iwájú ò gbà, ni wọ́n bá gbé e wọ ẹ̀yìn. Omi rẹ̀ dáa o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ìgbà tí iná bá dé ló ń ṣiṣẹ́, òru ni iná wa sì máa ń dé. Aago mẹ́rin ìdájí, kẹ́ẹ̀gì ti tò bẹẹrẹ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ pọnmi. Ọmọkùnrin méjì yọ sí i láti inú ilé náà, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n fa búláòsì rẹ̀ ya. Ó ní fóònù nìkan ni wọ́n gbà. Mi ò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá a rán búláòsì náà.

Ní ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, bàbá alága ní kí ọmọbìnrin má jáde ní ìdájí mọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òùngbẹ náà ti gbọ́?"

Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ ní ìpàdé kejì ni mo ti ka nípa Khayelitsha, àdúgbò kan ní Cape Town, ní South Africa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni tiwọn: ọ̀pọ̀ obìnrin ò ní in sílé, àfi kí wọ́n rìn lọ síta lóru. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ bá kúrò ní 5,600, tó di 11,300, ìfipábánilòpọ̀ tó ń bá wọn lọ́nà á fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín kù. Ìṣirò orí ìwé ni o, àmọ́ ó yé mi dáadáa. Ìrìn ni olè ń ṣọ́.

A dáwó, a ra táǹkì, a fa páìpù wá sí ojú títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá alákàrà. Táǹkì á kún lóru, àwọn ọmọ á pọnmi nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí àkàrà ń ta sọ̀ọ̀ nínú epo, tí gbogbo àdúgbò ń wo ara wọn.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní òun mọ ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn. Ó máa ń wá ra àkàrà níbẹ̀, á kí gbogbo wa, á lọ.