Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí òǹtẹ̀ fásitì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti òǹtẹ̀ gígé l'Óṣogbo, ọ̀gá mi kọ́ mi ní púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ara mi ni mo fi kọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọdún kẹta tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbé iṣẹ́ òǹtẹ̀ onírin fún mi, irú èyí tí àmì rẹ̀ máa ń wú sókè lára ìwé ẹ̀rí láìlo tádàwà. Kàlẹ́ńdà wọn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fíà. Mo wò ó yà, mo gé e, ó sì dùn ún wò. Àṣé ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà náà ti yí àwòrán náà sódì kó tó to lẹ́tà yí i ká. Ògùṣọ̀ wọn ti fi apá kan sílẹ̀ bọ́ sí apá kejì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo san owó bébà, mo sì tún òmíràn gé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ tí mo lọ bẹ̀ wọ́n, bàbá kan ní ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà fi ìwé pélébé kan hàn mí. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta péré ni: àwọ̀ asà tí wọ́n ya àmì náà sí, ohun tó wà lórí rẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Irú àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní blazon. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ọ̀rọ̀ ni àmì fásitì kó tó di àwòrán. Onílù mẹ́wàá lè fi ìlù ki Òṣogbo Oròkí, ìró wọn kò ní rí bákan náà, síbẹ̀ Oròkí kan náà ni gbogbo wọn ń kì.

Ẹ wo àmì fásitì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fún wọn ní 1573: asà pupa, àgbélébùú funfun tí àmì dúdú wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, kìnnìún wúrà mẹ́rin ní igun mẹ́rin, ìwé pípadé láàárín. Ti Oxford, fásitì Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ìwé ṣíṣí ni, pẹ̀lú adé wúrà mẹ́ta, lórí búlúù. Ayàwòrán lè fa irun kìnnìún náà gùn bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí ìwé Cambridge, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì ló gba sùúrù jù. Ọ̀tún asà ni ọ̀tún ẹni tó gbé e dání, ẹni náà sì dojú kọ wá, nítorí náà òsì àwa tí à ń wò ó ni. Òdì sì ni a máa ń gé irin, kó lè bọ́ sípò nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sára bébà. Mo ti kọ ọ̀tún àti òsì mọ́ etí tábìlì mi báyìí, ojú kò tì mí.

Òǹtẹ̀ onírin kò ní àwọ̀. Báwo la ṣe máa mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù? Àlùfáà ará Ítálì kan, Silvestro Pietrasanta, tẹ ètò kan jáde ní 1638 tí à ń lò dòní: tóótòòtó ni wúrà, òfìfo ni fàdákà, ìlà òòró ni pupa, ìlà ìbú ni búlúù. Ẹ kọ́ ọ sórí. Nílùú yìí náà, Bàbá Asírù Ọlátúndé, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ tẹ́lẹ̀, lu bàbà àti alumíníọ̀mù títí irin pẹlẹbẹ fi ń sọ ìtàn.

Ẹ mọ agbára ohun tí ẹ ń gé. Ní 1225, aṣojú Póòpù fọ́ òǹtẹ̀ tí àwọn olùkọ́ fásitì Paris ṣe fúnra wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ya bo ilé rẹ̀. Ọdún 1246 ni wọ́n tó rí àṣẹ gbà láti ní tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, láti 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ti wà n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n oyè fásitì London ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ kó tó di fásitì tó dá dúró ní 1962. Fásitì Ifẹ̀ di Obafemi Awolowo University ní 1987. Bí ẹni tó jáde ṣáájú ìgbà náà bá mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó ń jẹ́ University of Ife wá fún yín láti fi gíláàsì bò, ẹ má pè é ní ayédèrú.

Ọkùnrin kan wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí n gé òǹtẹ̀ fásitì kan fún òun, òun á san ìlọ́po mẹ́rin. Mo bi í léèrè lẹ́tà tí akọ̀wé àgbà ibẹ̀ fọwọ́ sí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n náà mú un wá ní ọ̀sán. Mi ò rí i mọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ òǹtẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí lè gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi irin kan irin. Kó mú lẹ́tà wọn dání, àti àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kó fi kàlẹ́ńdà sílé.