Sẹ́ẹ̀lì wo ló bà? Ohun tí iṣẹ́ ẹ́síréè kọ́ mi nípa mutation

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ radiography, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka biology, ọ̀rọ̀ mutation yìí, ìyẹn ìyípadà tó bá DNA, àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń kọ́ wa bíi pé ká ṣáà há a sórí ni. Ìgbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ló tó yé mi pé ìbéèrè kan ló ṣe kókó jù ńbẹ̀: sẹ́ẹ̀lì wo ló bà? Tó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì awọ ara tàbí ti mùdùnmúdùn eegun, ẹni tó lara nìkan ló máa jẹ̀yà ẹ̀, ó lè di kánsà lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ kò ní ran ọmọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin ló bà, ìyẹn ló lè dé ara ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí fíìmù tàn yín, mutation kì í ṣe olórí méjì o. Ẹ wo SS tá à ń tìtorí ẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fẹ́ra, lẹ́tà DNA kan péré ló yí padà nínú jíìnì hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, A di T, kò sì sí radiation, ìyẹn ìtànṣán bíi ti ẹ́síréè, kankan ńbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ máa ń ṣi DNA kọ tó bá ń pín sí méjì, púpọ̀ nínú mutation ibẹ̀ ló ti ń wá. Oòrùn náà ń dá kún un, ìdí tí kánsà awọ fi ń tètè mú àwọn àfín nìyẹn.

Ti radiation wá ńkọ́? Lọ́dún 1927, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hermann Muller, tan ẹ́síréè sí àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, mutation inú àwọn ọmọ wọn sì lọ sókè gan-an, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí lọ́dún 1946. Ẹ̀rù wá ń ba gbogbo ayé nípa Hiroshima àti Nagasaki, ìlú méjì ní Japan tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí. Kánsà ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tí bọ́ǹbù 1945 yẹn ò pa, òótọ́ ni, àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n lóyún wọn lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò títí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò rí i pé àrùn ìdílé pọ̀ sí i lára wọn. Àwọn tó wà nínú oyún lọ́jọ́ náà gan-an ló rí i he, wọ́n bí òmíràn pẹ̀lú orí kékeré, ọpọlọ ò pé, torí pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá ni radiation máa ń bà jẹ́ jù.

Torí ẹ̀ la ṣe gbọ́dọ̀ bi obìnrin nígbà tó ṣe nǹkan oṣù kẹ́yìn kó tó gorí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ọmọge lójú ìyá ẹ̀, kò ní sọ òótọ́ fún yín láéláé, ẹ ní kí màmá dúró síta ná.

Ẹ má sì kó jìnnìjìnnì bá pésẹ́ǹtì. Ẹ́síréè àyà kan ò ju nǹkan bíi 0.1 mSv (òṣùwọ̀n radiation tó wọ ara) lọ, ilẹ̀, òfúrufú àti oúnjẹ ń fún wa ní bíi 2.4 mSv lọ́dún. Scan oyún kì í tiẹ̀ ṣe radiation tó ń ba DNA jẹ́, ìró ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ ẹ́síréè lójoojúmọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Tẹ́ ẹ bá sún láti mítà kan sí méjì, èyí tó ń bà yín á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Apron olójé tá a fi ń dáàbò bo ara yẹn náà, ẹ máa gbé e kọ́, ẹ má ká a bí aṣọ, òjé inú ẹ̀ á sán, ẹ ò sì ní fojú rí i àfi tẹ́ ẹ bá ya apron fúnra ẹ̀ ní ẹ́síréè.