Olúwa, Di Ọwọ̀ Mi Mú: Àyẹ̀wò Ọdún Èmi àti Onílù Mi

Mo jókòó ti ìwé kékeré tí mo fi ń kọ orin sílẹ̀. Orin 14 la bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. A parí 5, méjì péré la gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín lè bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Bàbá mi ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, nítorí náà mo ti mọ dò-re-mí kí n tó mọ a-b-d. Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe ń pe ẹnì kejì mi nìyẹn, ọmọ Àyàn ni wọ́n, Mùsùlùmí; Ìsẹ́yìn ni bàbá wọn ti gbé ìlù wá sí Àkúrẹ́. Wọn ò mọ nótì kankan, wọn ò sì wá a. Ibi òkú àgbà kan ní Òkè Àró la ti pàdé lóṣù kejì. Jẹnẹrétọ̀ kú, kíbọ́ọ̀dù mi dákẹ́, ìlù ò dákẹ́. Wọ́n lù ú súnmọ́ mi, wọ́n ní, "Tíṣà, iná ló lọ, ṣé orin náà bá a lọ ni?" Èmi kì í ṣe tíṣà o. Ẹ̀wù tí mo wọ̀ ló fà á. Orúkọ náà ò kúrò lára mi mọ́.

Orin àkọ́kọ́ tí mo gbé wá, àdúrà ni. Ègbè rẹ̀ ni "Olúwa, di ọwọ́ mi mú." Ó dùn, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí orin oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé kọ̀ǹgọ́, wọ́n fún ọṣán ìyáàlù mọ́ ìhà, wọ́n sì lu ohun tí mo kọ gan-an padà fún mi. Níbi tó yẹ kí ohùn mi ti re lọ sí mí, dò ló lọ.

"Ọwọ̀ ni ìlù gbọ́ o," wọ́n ní. "Olúwa, di ọwọ̀ mi mú. Ṣé Olúwa fẹ́ bá ẹ gbálẹ̀ ni, àbí ẹgbẹ́ òṣèlú onígbálẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo ní ẹni tó ń gbọ́ á ṣáà mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n ní etí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ó ti mọ́ ọn lára. Òótọ́ ni. Ohùn òyìnbó la fi ń kọ púpọ̀ nínú orin mímọ́ wa, ọ̀rọ̀ ń lọ òkè, orin ń lọ ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti sọ fún mi nípa Kánọ̀nù J.J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, tó kọ orin ìyìn tó bá ohùn Yorùbá mu, tó sì gbà wọ́n sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Mo mọ ìtàn náà lórí. N ò fi ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi tún ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣe. Nísinsìnyí ohùn ń gòkè lórí "wọ́", bí ẹni na ọwọ́ sókè lóòótọ́.

Èmi náà bá wọn wí o. Òwe mẹ́fà nínú ẹsẹ kan! Mo gé márùn-ún. Nínú orin kẹta, wọ́n ní kí n pe "ilé", mo pe "ulé" bí ìyá mi ṣe ń pè é. A jà sí i, "ulé" ló wọlé.

Lóṣù keje ni mo ṣe ohun tí mo kábàámọ̀. Mo gbé orin àdúrà àkọ́kọ́ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó kọ ọ́, orúkọ mi nìkan ni mo fi sí i. N ò ro ibi. Lójú mi, ẹni tó mú bírò ló kọ orin. Ọmọbìnrin wọn tó wà ní yunifásítì ló rí i. Ẹ̀gbọ́n ò bínú sí mi létí, wọ́n kàn ṣíwọ́ pípè mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo délé wọn, ìlù wà lórí ìṣó, wọ́n da aṣọ bò ó.

"Tíṣà, ta ló gba ọwọ̀ lọ́wọ́ Olúwa?"

Mo dọ̀bálẹ̀. A ya ewé kan nínú ìwé mi, a to àwọn orin sí i, ìdajì-ìdajì, a fọwọ́ sí i, ọmọ wọn ṣe ẹlẹ́rìí. Mo tún ka òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 fún wọn: orin tí ẹni méjì jọ kọ, ààbò wà lórí rẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú wọn. Wọ́n ní, "Áà, àwọn ọmọ wa á rí nǹkan jà sí dáadáa."

Owó ńkọ́? Òde 9 la lọ, sitúdíò àti bẹntiróòlù jẹ ẹ́ tán. Ẹnì kan ò tíì san bálánsì òkú ìyá rẹ̀ títí dòní. A ti fi í sun ìyá náà.

Orin kẹfà wà nílẹ̀ báyìí. Mo fi ẹsẹ kejì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp lánàá. Ìlù ni wọ́n fi dá mi lóhùn, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, n ò tíì mọ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èébú ni.