"Ṣebí Ó Ṣì Ń Ṣiṣẹ́?": Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ Server Tó Ti Gbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà fún gbogbo iléeṣẹ́) níbi iṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ní ká ra tuntun, ohun tí ọ̀gá máa sọ ni "ṣebí ó ṣì ń ṣiṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn la gbọ́ títí wáráńtì fi parí, títí àwọn tó ṣe é ò fi ta pààtì ẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́nu, mo tún kọ ọ́ sínú ìmeèlì, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mi ò kìlọ̀.

RAID 5 la ṣe sórí ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tá a fi so àwọn hard disk pọ̀, tó fi jẹ́ pé tí ọ̀kan bá kú, dátà ò ní sọnù, àmọ́ tí èkejì bá kú kí wọ́n tó tún un ṣe tán, gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn. Hard disk kan kú, iṣẹ́ ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ju èmi lọ, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, rebuild bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí server ṣe ń tún ohun tó wà lórí èyí tó kú kọ sórí tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà! Torí pé kí disk tuntun tó kún, server gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tó wà lórí àwọn tó kù látòkè délẹ̀, láìsinmi, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà la ra gbogbo wọn, ooru kan náà ló ń pa wọ́n láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wá. Mo dúró tì í, mò ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ lára òmíràn. Nọ́ńbà dúró. Gbogbo ẹ̀ lọ. Gbèsè tí kọ́sítọ́mà jẹ wá, owó oṣù, ọjà tó wà ní stọ́ọ̀, fóònù ń dún, àwọn tó wà ní ẹ̀ka àkáǹtì ń bi mí ìgbà tó máa padà, ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi kò sọ nǹkan kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè tẹ password tí mo ti mọ̀ lórí. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún ọ̀tá mi.

A rí púpọ̀ gbà padà lára backup, ìyẹn ẹ̀dà dátà tá a tọ́jú síbòmíràn, a fi ọwọ́ tẹ èyí tó kù látinú ìwé, a ra server tuntun.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra server ni kẹ́ ẹ ti kọ ọdún tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Wáráńtì wọn sábà máa ń jẹ́ ọdún 3 sí 5, ẹ fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n. Ẹ má dúró dìgbà tó bá bàjẹ́, torí tí disk kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ti gbó. Ẹ ṣe backup tuntun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rebuild, èmi ṣe é, òun ló yọ wá.

RAID kì í ṣe backup o, fáìlì tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ ti pa rẹ́ lórí gbogbo disk nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì máa dán backup wò, ẹ dá fáìlì padà látinú ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí i.

Eruku, fáànù, bátìrì UPS, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wo SMART náà, ìyẹn àyẹ̀wò tí disk ń ṣe fún ara ẹ̀, tí reallocated sectors (àwọn ibi tó ti bàjẹ́ tí disk ti fi òmíràn rọ́pò) bá ń pọ̀ sí i, disk yẹn ti ń lọ.

Windows náà ń gbó. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows Server 2012 R2 dúró láti October 10, 2023, àyàfi ẹni tó bá ń sanwó àfikún. Nígbà tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì èèyàn pa láti fi gbowó, jà ní May 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde láti March, àwọn tí kò fi sí i ló kó sí wàhálà.

Àwọn kan máa ní kò sówó. Ẹ máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á, owó tuntun á ti wà nílẹ̀ kí ọdún tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ tó pé. Ohun tá a ń ṣe báyìí nìyẹn.